Ilé Sàdáúnà ní Kàdúná: Ọ̀fọ̀ Tí Ó Kan Àwa Náà

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń gbé ní Kubwa, n kò sì lè ka iye ìgbà tí mo ti gba Kàdúná kọjá lọ sí Zaria tàbí Kánò, síbẹ̀ n kò yà sí ilé Sàdáúnà, ìyẹn Ahmadu Bello tí wọ́n pa nínú ilé náà ní 1966, rí àfi ní oṣù tí ó kọjá yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní ìdí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, èsì tí mo máa ń fún un ni pé ilé àwọn ará Òkè Ọya ni, pé ọ̀fọ̀ wọn ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, àti pé àwa náà ní ọ̀fọ̀ tiwa nílé. Àṣìṣe ni mo ṣe. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó láti kọ ohun tí mo rí fún àwọn Yorùbá ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n wà ní Àbújá, ní Mìnà, ní Jọ́ọ̀sì àti ní Kàdúná fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà ilé náà bí èmi náà ti ń kọjá.

Arewa House ni orúkọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí, ojú ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Rabah Road ni ó sì wà. Rabah ni ìlú tí wọ́n ti bí Ahmadu Bello ní 1910, ní ilẹ̀ Sókótó. Ilé ìjọba ni ilé náà, ibẹ̀ ni ó sì ń gbé nígbà tí ó jẹ́ Pírẹ́míà Ẹkùn Àríwá, ipò tí ó wà láti 1954 títí di òru tí wọ́n pa á, èyí tí í ṣe ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1966. Ní 1970, ọdún tí ogun abẹ́lé parí, àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n pín Ẹkùn Àríwá sí ni wọ́n sọ ilé náà di ibi ìwádìí àti ìpamọ́ ìtàn. Abdullahi Smith, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìtàn tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni olùdarí rẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí ó yá, ilé náà bọ́ sí abẹ́ Yunifásítì Ahmadu Bello tí ó wà ní Zaria. Ilé ìkàwé wà nínú ọgbà náà, ibi ìpamọ́ àwọn ìwé ìjọba àtijọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni mo tìtorí rẹ̀ lọ, òun sì ni n ó sọ̀rọ̀ lé lórí jù.

N kò dá lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ni ó ṣíwájú wa, ẹni tí gbogbo ẹbí ń pè ní Bàbá Kàdúná nítorí pé Kàdúná ni wọ́n bí wọn sí. Èmi àti ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 14, ni a tẹ̀lé wọn. Rélùwéè ni bàbá tí ó bí wọn ṣiṣẹ́ fún ní Kàdúná Jọ́ńṣọ̀n, ọmọ ọdún 10 sì ni Bàbá Kàdúná ní òru tí ìṣẹ̀lẹ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ni a wọ̀ láti Kubwa lọ sí Rigasa ní Kàdúná. Ojú irin yìí, tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí rẹ̀ ní 2016, ni àwọn agbébọn kọ lù ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2022, tí wọ́n pa ènìyàn, tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ èrò wọ inú igbó, tí àwọn kan fi lo oṣù mélòó kan níbẹ̀ kí wọ́n tó rí ilé. Ọkọ̀ kò sì rìn mọ́ títí di oṣù kejìlá ọdún náà. Bí a ti ń sún mọ́ Katari, níbi tí ó ti ṣẹlẹ̀, mo ṣàkíyèsí pé àwọn tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ sókè láti Àbújá rẹ ohùn wọn sílẹ̀. Bàbá Kàdúná ka àdúà sí abẹ́ ẹnu wọn. Ọ̀nà tí a gbà lọ sí ilé ọ̀fọ̀ náà ti ní ọ̀fọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Nígbà tí a dé ọ̀hún, ohun àkọ́kọ́ tí ó gba ọkàn mi ni bí ilé náà ti mọ níwọ̀n. Ààfin ni mo ti rò pé a ó bá, nítorí ilẹ̀ tí ọkùnrin yìí ṣe àkóso rẹ̀ ju ìdajì Nàìjíríà lọ. Ilé gbígbé ni a bá, pẹ̀lú yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àgbàlá. Ìwọ̀n yìí gan-an ni ó mú kí ọ̀rọ̀ náà wọni lára. Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá, ojú ń rí ohun púpọ̀, ọkàn kì í sì í dúró sójú kan; níbí, ènìyàn ń ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn bí àlejò tí wọ́n ní kí ó jókòó de baálé, tí baálé kò sì dé.

Àwọn ohun ìní rẹ̀ ni wọ́n tọ́jú síbẹ̀: agbádá ńlá irú èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní babban riga, láwàní, àti àwòrán tí ó pọ̀ lára ògiri. Mo dúró pẹ́ níwájú àwọn aṣọ náà. Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí ọ̀fọ̀ bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, a máa ń pín aṣọ olóògbé fún àwọn ọmọ àti àbúrò rẹ̀, ẹni tí ó bá sì gbé e wọ̀ lọ sí òde yóò gbọ́ kí àwọn àgbà máa sọ pé àwọn rí ojú baba rẹ̀ lára rẹ̀. Aṣọ tí ènìyàn kò gbé wọ̀ láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún ni ó wà níwájú mi yìí. Ó ń sọ fún mi, ju bí ìwé ìtàn kankan ti sọ ọ́ rí lọ, pé ẹnì kan bọ́ ọ sílẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan pẹ̀lú èrò pé òun yóò tún gbé e wọ̀ ní òwúrọ̀. Afinimọ̀nà wa sọ fún ọmọ mi pé Sàdáúnà fẹ́ràn eré fáìfù, èyí tí wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri, tí ó ti ń gbá láti ìgbà tí ó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Kátísínà. Inú ọmọ náà dùn sí èyí. Títí di àkókò náà, orúkọ tí ó wà lára yunifásítì àti lára owó igba náírà ni Ahmadu Bello jẹ́ lójú rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ yin ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó mú wa káàkiri náà. Kò kánjú, kò sì fi ọ̀rọ̀ ikú ṣe eré orí ìtàgé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá Kàdúná dá a lóhùn ní èdè Haúsá tí kò ní àbùlà, ó tẹrí ba fún wọn, ó sì yí padà sí èdè náà, Bàbá sì ń túmọ̀ fún wa bí wọ́n ti ń lọ. Bí a ṣe di mẹ́rin tí ó ń gbọ́ ìtàn kan ní èdè mẹ́ta nìyẹn. Nígbà tí a dé ìhà ibi tí wọ́n ti pa baálé ilé, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ débi pé a ní láti sún mọ́ ọn kí a tó gbọ́.

Ohun tí gbogbo ìwé ìtàn fẹnu kò lé lórí ni pé Mẹ́jọ̀ Chukwuma Kaduna Nzeogwu ni ó ṣíwájú àwọn ológun tí wọ́n wá. Ó ti ń kó àwọn ọmọ ogun jáde lóru ṣáájú ọjọ́ náà fún ìdánrawò kan tí wọ́n pè ní Damisa, ọ̀rọ̀ Haúsá tí ó túmọ̀ sí ẹkùn, kí ìró bàtà àti ìró ọkọ̀ ológun má baà ṣe àjèjì sí ará ìlú mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n tẹ̀ lé e lóru náà ni kò mọ̀ pé ìdìtẹ̀ gbàjọba ni wọ́n ń lọ ṣe. Ìbọn ńlá ni wọ́n fi fọ́ ọ̀nà wọlé. Wọ́n pa Sàdáúnà, wọ́n pa ìyàwó rẹ̀ àgbà, Hafsatu, wọ́n sì pa lára àwọn tí ń ṣọ́ ilé.

Ibi yìí ni Bàbá Kàdúná ti gba ọ̀rọ̀ náà sọ fúnra wọn. Oṣù ààwẹ̀ Ramadan ni ó bọ́ sí. Nígbà tí ìró àkọ́kọ́ dún lókèèrè, ìyá wọn rò pé àkókò sààrì ti tó, ó dìde láti dáná. Bàbá wọn ní kí ó padà wá sùn, pé àwọn sójà tún ń ṣe eré òru wọn ni. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí ó máa fi di ọ̀sán, ohùn Nzeogwu ti wà lórí Rédíò Kàdúná, àwọn àgbà sì péjọ yí rédíò kan ká ní ọgbà àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, Haúsá, Igbo, Yorùbá, Núpé, tí ẹnikẹ́ni kò wo ojú ẹnì kejì. Ọdún pọ̀ tí mo ti mọ Bàbá Kàdúná, n kò gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu wọn rí.

Ọmọ mi ni ó béèrè ìbéèrè tí ó yí ìbẹ̀wò náà padà fún mi. Ó ní, “Bàbá, kí ni ìyàwó wọn ṣe?” Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní ohun tí gbogbo Kàdúná ń sọ ni pé ó kọ̀ láti fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ pé, “Ìyàwó tiwa náà wà níbẹ̀ o.” Ní òru kan náà, ní ìlú kan náà, àwọn ológun mìíràn wọ ilé Bìrìgédíà Samuel Ademulegun, ọmọ Oǹdó, tí ó jẹ́ ọ̀gá Bìrìgéèdì Kìíní ní Kàdúná, wọ́n sì pa òun àti ìyàwó rẹ̀, Látífátù, nínú yàrá tí wọ́n sùn sí. Wọ́n pa Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ralph Shodeinde pẹ̀lú, tí ó wà lára àwọn ọ̀gá tí ń kọ́ àwọn ọmọ ogun ní Kàdúná níbẹ̀.

Mo mọ orúkọ Ademulegun tẹ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n pa á. N kò ronú rẹ̀ rí pé inú ìlú tí mo ń gbà kọjá lọ sí Kánò ni ó ti kú, bẹ́ẹ̀ ni n kò ronú pé obìnrin méjì, ọ̀kan ní ilé Fúlàní, ọ̀kan ní ilé Yorùbá, ni wọ́n pa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ wọn ní òru kan ṣoṣo, láìsí ipò tí wọ́n dì mú, láìsí ìbò tí wọ́n jí, láìsí ẹ̀ṣẹ̀ kankan tí ẹnikẹ́ni lè kà sí wọn lọ́rùn. Àwọn tí wọ́n ń sọ nílé wa pé òru náà jẹ́ ọ̀rọ̀ àárín ológun àti olóṣèlú kò tí ì dúró nínú ilé yìí.

Láti ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn òkú náà nínú ọkàn mi, bí mo sì ti ń tò wọ́n ni wọ́n ń kọ̀ láti dúró sí ìhà tí mo fi wọ́n sí. Abubakar Tafawa Balewa, olórí ìjọba Nàìjíríà, ọmọ ilẹ̀ Bauchi ni. Ojú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, nínú ilẹ̀ Yorùbá, ni wọ́n ti rí òkú rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò àti Pírẹ́míà Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sí Kàdúná ní ọjọ́ 14 láti wá bá Sàdáúnà sọ̀rọ̀, ó padà sí Ìbàdàn, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò sì tí ì mọ́ dáadáa tí wọ́n fi pa á. Ọmọ Oǹdó kú ní Kàdúná, ọmọ Bauchi sùn sí etí ọ̀nà Abẹ́òkúta. Kí ni ó kù tí a ó pè ní tiwọn, kí ni ó kù tí a ó pè ní tiwa?

Ohun kan wà tí ó yẹ kí n sọ, bí kò tilẹ̀ rọrùn fún mi. Bàbá tí ó bí mi, tí ó jẹ́ ọmọdé ní Ìbàdàn ní ọdún náà, ti sọ fún mi rí pé àwọn ènìyàn jó ní ojú títì nígbà tí wọ́n gbọ́. Ìdí wà tí wọ́n fi jó. Ìbò ọdún 1965 ti bàjẹ́, wẹ́tíẹ̀ ti sun ilé àti ènìyàn, Dẹ́mọ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú Akíntọ́lá, tí ó ń ṣe ìjọba sì ní àjọṣe pẹ̀lú ẹgbẹ́ Sàdáúnà, tí àwọn tí ìyà ń jẹ fi gbà pé ìrànwọ́ Kàdúná ni ó jẹ́ kí Akíntọ́lá lè dúró. N kò lè bá àwọn tí wọ́n jó ṣe ẹjọ́, nítorí n kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dúró nínú ilé yìí, ijó náà wá sí mi lọ́kàn, ojú sì tì mí, kì í ṣe nítorí baba mi, bí kò ṣe nítorí pé èmi fúnra mi ti máa ń rohìn rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ bí ìtàn amóríyá.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá sì fẹ́ gbọ́ ìtàn òru náà gbọ́dọ̀ gbọ́ ti àwọn oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún kan náà, àwọn ológun mìíràn mú Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi, tí ó di olórí ìjọba lẹ́yìn òru náà, ní Ìbàdàn, wọ́n sì pa á pọ̀ pẹ̀lú Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì, ẹni tí ó gbà á lálejò. Wọ́n pa àwọn Igbo ní ọ̀pọ̀ ìlú Àríwá, àwọn oníṣòwò, àwọn akọ̀wé, àwọn ọmọ ọwọ́, tí kò sí èyí tí ó mọ Nzeogwu rí nínú wọn. Bàbá Kàdúná sọ pé ọmọkùnrin Igbo kan tí wọ́n jọ ń lọ sí ilé ìwé wọ ọkọ̀ ojú irin pẹ̀lú ẹrù ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ kan, ó ju ọwọ́ sí wọn láti ojú fèrèsé, wọn kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́ títí di òní. Lẹ́yìn náà ni ogun dé ní 1967. Ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1970, ọdún mẹ́rin géérégé sí òru Kàdúná, ni àwọn aṣojú Biafra fi ọwọ́ sí ìwé òpin rẹ̀ ní Èkó.

Nzeogwu fúnra rẹ̀ kò rí òpin náà. Kàdúná ni wọ́n bí i sí, ìdí nìyẹn tí ó fi ń jẹ́ orúkọ ìlú náà, ó sì gbọ́ Haúsá bí onílé. Ó kú sí ìhà Nsukka ní oṣù keje ọdún 1967, ìjọba àpapọ̀ sì gbé òkú rẹ̀ wá sí Kàdúná, wọ́n sin ín sí itẹ́ òkú àwọn ológun pẹ̀lú ẹ̀yẹ. Ẹni tí ó wá pani àti ilé tí ó wá pani sí jọ wà nínú ìlú kan. Mo ti ń ro èyí láti ìgbà tí a ti padà dé, n kò sì tí ì mọ ohun tí mo lè fi ṣe.

Ilé Sàdáúnà ni ilé yìí, ìgbésí ayé Sàdáúnà ni ó sì fi hàn. Nítorí náà, àwọn orúkọ yòókù tí mo ti kà yìí, ẹ kà wọ́n kí ẹ tó lọ, kí ẹ gbé wọn dání wọlé. Bí ẹ bá ní àgbàlagbà kan nínú ẹbí tí ó gbé ní Òkè Ọya ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó bá yín lọ, kí ẹ sì jẹ́ kí ó rìn bí ó bá ti wù ú. Ọjọ́ iṣẹ́ ni mo rò pé ó dára jù, ní òwúrọ̀. Ọ̀sán Ẹtì kò yẹ, nítorí ìrun Jímọ̀. Ẹ wọ aṣọ tí ó bo ara. Ọmọ tí kò tí ì pé ọdún méjìlá lè wo aṣọ àti àwòrán, ṣùgbọ́n ìtàn òru náà yóò wúwo fún un. Ẹni tí ó bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tàbí akọ̀ròyìn, kí ó ya ọjọ́ mìíràn sọ́tọ̀ fún ibi ìpamọ́ ìwé, nítorí wákàtí kan tàbí méjì kò lè tó o níbẹ̀.

Kí a tó kúrò, wọ́n gbé ìwé àlejò fún wa. Bàbá Kàdúná kọ orúkọ wọn àti ti bàbá wọn, wọ́n sì fi Kàdúná Jọ́ńṣọ̀n sí ibi tí ó yẹ kí wọ́n kọ àdírẹ́sì sí. Ọmọ mi gba báírò, ó ronú díẹ̀, ó wá kọ “Hafsatu” àti “Látífátù” sí àyè tí wọ́n ní kí ènìyàn kọ ọ̀rọ̀ sí, kò sì fi nǹkan mìíràn kún un. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà yí ìwé náà sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, ó kà á, ó sì bi wá ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé ta ni ẹnì kejì. Bàbá fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan lábẹ́ igi, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún un ní Haúsá. A dúró dè wọ́n títí tí ó fi kù díẹ̀ kí ọkọ̀ ọ̀sán fi wá sílẹ̀.